Ọwọ́ Tó Pe Ẹ̀rọ Jí

Ní abúlé tí mo ti dàgbà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga kì í kàn fi ẹsẹ̀ lé e lásán. Á so okùn mọ́ ìbàdí, á so ìdí okùn mọ́ igi, á sì sọ fún ẹni tó dúró lókè pé, "Bí o kò bá gbúròó mi mọ́, fà mí." Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn náà ní irú okùn yìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó lè já ọ̀nà láàárín àwọn àti ẹ̀rọ tó wà nílùú mìíràn, wọ́n á kọ́kọ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé, "Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, kú, kí o sì tún jí." Bí ọ̀nà bá já, ẹ̀rọ á kú, á jí, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà á sì tún là. Bí ọ̀nà kò bá já, wọ́n á fagi lé àṣẹ náà, kálukú á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Okùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde nínú kànga tí kò tú okùn nídìí, ibi tó bá sáré dé ni okùn á ti fà á ṣubú. Ohun tó ṣe Àbíkẹ́yìn Káfíńtà gan-an nìyẹn.

Káfíńtà tó bí i yìí, bí ẹnu rẹ̀ bá ti là láàárọ̀, oorun nìkan ló ń pa á dé. Á bá pákó sọ̀rọ̀, á bá ìṣó sọ̀rọ̀, á bẹ ìfági pé kó má dójú ti òun lọ́dọ̀ oníbàárà. Ìyàwó rẹ̀ wá jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ adití. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ bó ṣe pín in: ó fún ọkọ lẹ́nu méjì, ó fún aya lọ́wọ́ mẹ́rin, kí ilé má baà dàrú. Àmọ́ ẹni méjì kì í bára wọn gbé pẹ́ kí wọ́n má kó ìwà ranra wọn. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni Káfíńtà ti kọ́ èdè ọwọ́. Bí àlejò bá jókòó pẹ́ jù nílé wọn, tọkọtaya á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ọwọ́ wọn á sì máa bi ara wọn lẹ́yìn orí rẹ̀ pé, "Ṣé ẹni yìí kò nílé ni?"

Ní gbogbo ọdún tí Olùkọ́ fi kọ́ni, ó ń ya àwọn ọmọ rẹ̀ ní fídíò. Ọmọ á dúró níwájú ògiri funfun, á fi ọwọ́ sọ "òjò." Òmíràn á sọ "ojora." Òmíràn á sọ "ẹ̀gbọ́n tó máa ń fi nǹkan ẹni pa mọ́." Kò sí ìwé tí wọ́n kọ àwọn àmì wọ̀nyí sí. Àwọn ọmọ náà ló ṣẹ̀dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fúnra wọn, níbi eré, níbi ìjà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ olùkọ́ lẹ́yìn. Ọmọ tó ṣẹ̀dá á dàgbà, á lọ. Bí kò bá sí fídíò, àmì á bá a lọ.

Inú sáfà kan, kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn lọ́sàn-án lóru, ni gbogbo fídíò náà wà, nínú ilé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ẹgbẹ́ wá ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe ilé ìtajà ibùsùn, ó sì ní kí wọ́n kó ohun gbogbo kúrò níbẹ̀. Sáfà náà ti gbó. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí iná bá kú lára rẹ̀ kí àwọn fídíò tó kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe nìyẹn.

"Ẹ ò ṣe kàn yọ dísìkì inú rẹ̀, kí n gbé e sínú àpótí mi?" Káfíńtà ti bi Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀, léèrè bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, àwọn dísìkì yẹn so kọ́ra ni. Fídíò kan ṣoṣo, orí rẹ̀ wà nínú eléyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú tọ̀hún. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló mọ bó ṣe tò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fà á láti ibi."

Àbíkẹ́yìn ń gbé nílùú mìíràn tó jìnnà gan-an, níbi tó ti ń bá iléeṣẹ́ kan tọ́jú sáfà. Ó ti wá àyè fún fídíò ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun kan níbẹ̀, tí olùkọ́ yòówù á ti lè rí wọn. Ìyá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wá bá a gbé ọmọ tuntun. Ìdí tí iṣẹ́ fi di ọjọ́ ìkẹyìn, Olùkọ́ ni kẹ́ ẹ bi. Nígbàkigbà tí Àbíkẹ́yìn bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Olùkọ́ á ní, "Dúró ná, ó ku ọmọ kan tí kò tíì ṣe àmì labalábá." Nígbà tí ọmọ náà ṣe labalábá tán, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa fáìlì, ó ń kán tó, tó, bí òrùlé tó ń jò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Àbíkẹ́yìn jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ọmọ wà lẹ́yìn àga, ife tíì tó ti tutù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ lé itan, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìlà gbọọrọ tó ń sọ bí fáìlì ṣe rìn tó.

"Ó ti débo?"

"Ibi tó wà nígbà tẹ́ ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan náà ló wà, Màámi."

"Ìgbín á ti dé, á ti gbé ilé kalẹ̀, á ti pe àlejò."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Tó bá jẹ́ báyìí ni fáìlì yóò ṣe máa rìn, ọkọ̀ akẹ́rù á dé, á sì lọ, kó tó dé ìdajì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú ẹ̀rọ náà wò láti ọ̀nà jíjìn, títí ó fi rí ohun tó ń wá.

"Ẹ wò ó, Màámi. Inú ẹ̀rọ yẹn, baálé kan wà níbẹ̀. Kánẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Òun ló ń pàṣẹ, àmọ́ kò lè dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Tó bá fẹ́ lo wáyà tí fáìlì ń gbà jáde, á pe oníṣẹ́ wáyà. Tó bá fẹ́ gbóhùn jáde, á pe oníṣẹ́ ohùn. Àwọn oníṣẹ́ yẹn là ń pè ní módù."

"Tí wọ́n bá dé ńkọ́? Ṣé wọ́n ń kí baálé?"

"Wọ́n ń kí i dáadáa. Módù á wọlé, á sọ orúkọ rẹ̀, á yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò, á pe wáyà bóyá á dáhùn, kó tó ní òun ti ṣetán. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, baálé ò ní gbéṣẹ́ fún un."

"Ó mọ̀wàáhù ju àwọn kan tó ń wá bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́ lọ."

"Oníṣẹ́ wáyà tó wà níbẹ̀ báyìí, ó kàn ń gbìyànjú ni. Iṣẹ́ wáyà yẹn ò yé e tán. Ẹni tó ni iṣẹ́ gan-an wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò pè é rí."

Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Orúkọ àwọn módù méjèèjì jọra bí ìbejì. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà díẹ̀ ni, ti ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀: ti àtijọ́ parí sí mẹ́sàn-án, ti tuntun parí sí mẹ́jọ. Àbíkẹ́yìn so okùn mọ́ ìbàdí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ṣe máa ń so ó: ó ní kí ẹ̀rọ kú kó sì jí tó bá ṣe díẹ̀. Ó pàṣẹ kí ẹni àtijọ́ má ṣe dá wọlé mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kó má baà lọ bá ẹni tuntun du wáyà. Ó wá fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sọ ọ̀rọ̀ méjì tó kù, pé kí ẹni àtijọ́ jáde, kí ẹni tuntun wọlé. Kò gbọ́dọ̀ pín in sí méjì, torí lórí wáyà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó jókòó lórí ẹ̀ka tó ní dandan òun á gé e, kó ti di ẹ̀ka mìíràn mú kó tó gbé àdá sókè.

Ìlà ojú kọ̀ǹpútà dúró. Olùkọ́ dẹ́kun àtimáa gbọn ẹsẹ̀ tó fi ń rẹ ọmọ.

"Ó kú ni?"

"Ẹ jẹ́ ó mí."

Ó mí. Lẹ́ẹ̀kan náà ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí omi tí wọ́n yọ òkúta kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ju ọwọ́ sókè. Olùkọ́ fi ọwọ́ kan ṣe àmì kan tó túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ̀ gbọ́n ju ìjàpá lọ, ó sì fi ọwọ́ kejì di ọmọ mú. Ọmọ náà wá rí i pé àkókò ti tó fún òun láti dá sí ayọ̀ yìí. Ó ṣu sára.

Wọ́n gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ìyá ń bu omi, ìyá àgbà ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ọmọ ń tapá tasẹ̀. Olùkọ́ ń sọ bí Àbíkẹ́yìn náà ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e sómi, ariwo rẹ̀ á mú kí Káfíńtà sá wá láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Wọ́n fi òróró pa ọmọ, wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́ba. Gbogbo ìgbà yìí, okùn wà nídìí.

Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá, ìlà gbọọrọ náà ti dúró gbagidi.

Àbíkẹ́yìn wò ó, ó sì jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ léjìká. "Màámi, mo gbàgbé okùn."

"Okùn wo?"

"Mo ní kí ẹ̀rọ kú kó sì jí. Mi ò fagi lé e. Ó ti kú, ó sì ti jí. Àmọ́ mo ti lé ẹni àtijọ́, àṣẹ yẹn kì í parẹ́ bí ẹ̀rọ bá kú, mi ò sì tíì kọ orúkọ ẹni tuntun mọ́ ti àwọn tí baálé ń pè bó bá jí. Baálé jí, ó jókòó, kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn. Mi ò lè wọlé láti ibí mọ́."

Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Àwọn ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ "òjò" àti "ojora" ló ń rí. Olùkọ́ gbé ọmọ sí èjìká kejì.

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ tí o ti bímọ yìí, èwo lo fẹ́ wò?"

"Iwájú ni, Màámi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síwájú ẹ̀rọ yẹn, kó fi ọwọ́ tẹ orúkọ ẹni tuntun sí i. Níbo ni bàbá mi wà?"

Káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá férémù fèrèsé kan, ó sì ń sọ fún un pé kó yé wọ́. Bí wọ́n ṣe ròyìn tán, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, torí kì í lọ síbì kankan láìgbé e, ó sì kọrí sílé ẹgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ káfíńtà ló máa wọ inú kèrègbè ẹ̀rọ.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Oníkọ́kọ́rọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín àga tí wọ́n tò léra. Ọkọ̀ akẹ́rù ti kó tàkọ́kọ́ lọ.

"Bàbá Pákó, kí lẹ wá ṣe? Ibí ò nílò àga mọ́ o."

"Ẹ̀rọ inú yàrá yẹn ni mo wá kí. Ìyàwó mi ló rán mi."

"Ẹ kí i kíákíá. Bí ọkọ̀ bá ti padà dé, mo máa pa iná ilé yìí, kí wọ́n gbé e. Àwọn tó rán èmi náà ń retí mi."

"Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣílẹ̀kùn."

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ dúró sínú rẹ̀ bí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ ń hó, ẹ̀rọ amúlétutù ń kù lókè, àwọn tó ń kó ẹrù sì ń fi òòlù ya ògiri pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káfíńtà tẹ fóònù mọ́ etí.

"Bàbá mi, ẹ máa gbọ́," Àbíkẹ́yìn ní. "Ẹ máa kọ́kọ́ tẹ—"

"Mi ò gbọ́!"

"Mo ní ẹ kọ́kọ́—"

"Bíi pé mo ti orí bọ inú ilé agbọ́n ni!"

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ó padà wọlé. Àmọ́ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìdí kíbọ́ọ̀dù, ó ti bá Oníkọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀, ó ti kí alágbàrù kan, ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi rán an ti yọ́ lọ. Ó tún jáde. Ó tún wọlé. Ohun tó tẹ̀ kò jọ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀.

Olùkọ́ ń wo gbogbo eré yìí láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.

"Sọ fún un kó ṣí fídíò. Kó gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ, kó dojú kọ ọ́. Bí etí ò bá gbọ́, ṣebí ojú ni ọ̀rọ̀ wà?"

Káfíńtà jáde lọ gbọ́ èyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà, ó sì gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó rí ìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tó máa ń dúró níwájú kíláàsì. Olùkọ́ béèrè pé, "O ń rí mi?" Káfíńtà fi ọwọ́ dáhùn pé, "O lẹ́wà." Olùkọ́ ní, "Jókòó, kí o ṣiṣẹ́."

Páásíwọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Àbíkẹ́yìn sọ ọ́ sí etí ìyá rẹ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka to lẹ́tà. Káfíńtà ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ìka tó nípọn tó fi jẹ́ pé kó tó kan lẹ́tà kan, ó ní láti yẹra fún aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò sì sí ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ.

"Kò kọ nǹkan kan," ó fi ọwọ́ wí.

"Kì í fi páásíwọ́ọ̀dù hàn. Máa tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ "baba." Ó tẹ "mi." Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi rí i pé ohun tí òun ń kọ ni pé bàbá mi kò lè dákẹ́. Ó gbé ojú sókè. "Ṣé èmi ni?"

"Tẹ̀ ẹ́."

"Láti ìgbà wo ni ọmọ yìí ti—"

"Ọkọ mi, tẹ̀ ẹ́."

Oníkọ́kọ́rọ́ yọjú, ó rí àgbàlagbà ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ bá fóònù jà, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rọra yọ orí padà.

Ẹ̀rọ gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe módù ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ àlàfo, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ. Olùkọ́ ń to ìka, Káfíńtà ń tẹ̀. Nínú èdè ọwọ́ wọn, àtàǹpàkò á fẹnu kan ìka àárín fún mẹ́jọ, á fẹnu kan ìka ìfábẹ̀là fún mẹ́sàn-án. Ojú fóònù kéré, ojú Káfíńtà sì ti ń tó ojú àgbà. Ó rí ohun tó rí, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn bí ẹni tó gbá ìṣó wọlé.

Lọ́dọ̀ Àbíkẹ́yìn, ọ̀nà ṣí. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó gbé dání náà ń mì.

"Màámi, ẹni àtijọ́ ni bàbá mi pè. Mẹ́sàn-án ni wọ́n tẹ̀."

"O ò ṣe ti lé e lọ?"

"Mo ní kó má dá wọlé ni. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ rẹ̀, á dáhùn. Ó sì dáhùn. Kò yára, àmọ́ ó ti ṣílẹ̀kùn fún wa."

"Kì í ṣe oníṣẹ́ tó burú náà nìyẹn."

Ní báyìí, Àbíkẹ́yìn lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ìyókù. Ó so okùn. Ó kọ orúkọ ẹni tuntun mọ́ ti àwọn tí baálé yóò máa pè bó bá jí. Ó fi ẹ̀ẹ̀kan sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ìlà dúró, ó mí, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

"Okùn ńkọ́?" Olùkọ́ béèrè.

"Mo ti tú u."

"Tún wò ó."

Ó tún wò ó. Okùn ti tú. Fídíò tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kú kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; bí ẹni tó ń hun ẹní ni ohun tó ń fa fáìlì náà ṣe ṣe, ó mú u láti ibi tí ọwọ́ ti dúró. Ó kàn jẹ́ pé ó ṣì kù ni.

Ibi tí wọ́n dé nìyí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù fun fèrè níta ilé ẹgbẹ́. Olùkọ́ rí i lójú ọkọ rẹ̀ kó tó wí nǹkan kan. "Ọkọ̀ ti dé," Káfíńtà fi ọwọ́ sọ. "Ẹ ti parí?"

"Ó kù. Kò pọ̀, àmọ́ ó kù."

Oníkọ́kọ́rọ́ wọlé pẹ̀lú àwọn alágbàrù méjì, ó sì lọ síbi tí bọ́tìnnì iná wà. Káfíńtà dìde. Kò bẹ̀bẹ̀, kò purọ́. Ó kàn wo ẹ̀rọ láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó yọ téèpù ìwọ̀n nínú àpò, ó wọn ẹ̀rọ, ó wọn ilẹ̀kùn. Ó fa Oníkọ́kọ́rọ́ sún mọ́ra, ó sì sọ ọ́ sí i létí gan-an.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé e jáde?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Wò ó dáadáa. Ilẹ̀kùn yìí kò gbà á. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wọlé kí ẹnì kan tó wá kan férémù yìí. Bẹ́ ẹ bá fi agbára tì í, igi á là."

Oníkọ́kọ́rọ́ wò ó. Òótọ́ ni. Ẹni tó ra ilé sì ti kìlọ̀ fún un pé òun ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ilẹ̀kùn kankan.

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Mo máa tú férémù fún ẹ, mo sì máa kàn án padà bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kọjá tán. Káfíńtà ni mí, kì í ṣe apẹja."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n pa iná ná."

"Pa á. Kí ni mo máa fi ríran? Ṣé o rí fèrèsé níbí?"

Oníkọ́kọ́rọ́ mú ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì. Àwọn alágbàrù gbé àga méjì, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Káfíńtà yọ ilẹ̀kùn kúrò lára híńjì rẹ̀, ó gbé e ti ògiri. Sikúrù férémù ti dípẹtà. Ó ta òróró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúró kí òróró wọlé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó le, ó bẹ̀ ẹ́. Èyí tó rọ̀, ó yìn ín. Bó ṣe ń tú wọn ló ń gbé ojú sókè sí fóònù, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀: "Rọra. Rọra."

Ó gbé irin ìtúsikúrù sẹ́nu kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. "O ti rí mi kí n sáré rí?"

"Rárá. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

Lọ́dọ̀ tiwọn, fídíò ìkẹyìn ya wọlé. Àbíkẹ́yìn kò tíì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ yọ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ méjèèjì fi ìka tẹ ìwé fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ohun tó kúrò lọ́hùn-ún ni ohun tó dé síbí. Bí èyíkéyìí bá sọ nǹkan nù lọ́nà, òǹtẹ̀ ìka rẹ̀ kò ní bá ti tọ̀hún mu. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Káfíńtà sì ti dé orí sikúrù ìkẹyìn, ó ń fi aṣọ nu ún bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

"Ó pé, Màámi. Gbogbo rẹ̀ bára mu."

Olùkọ́ yíjú sí fóònù. Ó fi ọwọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ó ti parí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Títí dórí labalábá."

Káfíńtà yọ sikúrù, ó sọ ọ́ sápò, ó gbé férémù jáde láìhá níbì kankan. Ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ kan lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń lu èjìká ọ̀rẹ́ tó fẹ́ lọ sinmi. Ó wá mi orí sí Oníkọ́kọ́rọ́.

Iná kú. Fáànù rọ̀, ó rọ̀, ó dákẹ́. Àwọn alágbàrù gbé ẹ̀rọ kọjá, ẹnu ọ̀nà sì gbà á dáadáa. Káfíńtà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó gbé fóònù lé ojú fèrèsé, ó jókòó sórí àga kan tí ọkọ̀ ò tíì kó.

"Bàbá mi," Àbíkẹ́yìn pè é, "ariwo ti tán o. Ẹ lè fẹnu sọ̀rọ̀ báyìí."

Káfíńtà ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé láti ìgbà tó ti lọ, ilé dákẹ́ jù. Olùkọ́ béèrè bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ó ní òun ń jẹun. Olùkọ́ ní kó gbé ojú sókè kó tún un sọ. Ó ní òun ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Àbíkẹ́yìn fi wọ́n sílẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí fídíò tó dé kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú ògiri funfun, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó so àtàǹpàkò méjèèjì kọ́ra, ó sì jẹ́ kí ìka tó kù máa fò.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́, Oníkọ́kọ́rọ́ dúró ti ọ̀kan nínú àwọn alágbàrù, wọ́n ń dúró kí Káfíńtà wá kan férémù padà.

"Ṣé bàbá tó ń bá sikúrù sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyí?" Oníkọ́kọ́rọ́ béèrè. "Kí ló pa á lẹ́nu mọ́?"

"Wo ọwọ́ wọn," alágbàrù ní. "Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n dákẹ́?"